Ìmọ́lẹ̀ àti Ìgbì ní Oríta Siporex

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin, nígbà tí agogo méjìlá ọ̀sán bá ti fi nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú kọjá, òjìji ènìyàn a ká sábẹ́ bàtà rẹ̀ ní Siporex. Òpó tó dúró ṣánṣán kò ní òjìji tirẹ̀ mọ́. Oòrùn ti gun àtàrí gan-an. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni èyí ń ṣẹlẹ̀ ní Abidjan, ìlú tó wà ní ìwọ̀n 5 àti díẹ̀ sí àríwá ìlà agbedeméjì ayé: ẹ̀ẹ̀kan ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin, ẹ̀ẹ̀kan sí i nígbà tí oṣù kẹsàn-án bá ti ń sún mọ́ ọjọ́ kẹwàá. Ìmọ́lẹ̀ tó ń ta wá lórí nígbà náà ti kúrò lára oòrùn láti nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́jọ sẹ́yìn.

Oríta ńlá ni Siporex ní Yopougon, àdúgbò tí ènìyàn pọ̀ sí jù ní Abidjan. Ètò ìkànìyàn ọdún 2021 ka ènìyàn tó lé ní mílíọ̀nù kan ààbọ̀ síbẹ̀. Gbákà, bọ́ọ̀sì kékeré, tó ń lọ sí Adjamé ń kó èrò, wọ́rọ̀wọ́rọ̀, takisí alájọwọ̀, tó ń lọ sí Niangon àti Toits Rouges ń dúró de èrò tirẹ̀, bọ́ọ̀sì SOTRA ń wá ọ̀nà gba àárín wọn kọjá. Àwọn ọmọ ọkọ̀ rọ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà gbákà, wọ́n ń ké "Adjamé! Adjamé!" títí ohùn wọn fi ha. Siporex tí oríta náà ń jẹ́ ni orúkọ irú bíríkì fífúyẹ́ kan tí inú rẹ̀ kún fún ihò afẹ́fẹ́ wẹ́wẹ́, tí àwọn ará Sweden kọ́kọ́ ṣe láàárín ọdún 1930 sí 1940.

Àwọn ọmọ méjì tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin bí ni mo kó lẹ́yìn. Èyí àgbà, obìnrin, wà ní Terminale, kíláàsì tí wọ́n ti ń kọ ìdánwò BAC; àbúrò rẹ̀ ọkùnrin wà ní troisième, ìdánwò BEPC ló ń dúró dè é. Èjìgbò ni ìdílé wọn ti wá, bí ọ̀pọ̀lọpọ̀ Yorùbá tó ń gbé Abidjan. Ọkọ̀ ń gbéra ní Èjìgbò, á gba Benin, Togo àti Ghana kọjá, á já èrò sí Abidjan, ó sì ti pẹ́ tí ọ̀nà náà ti là. Faransé ni wọ́n fi ń kọ́ àwọn ọmọ yìí ní físíìsì, Yorùbá ni wọ́n fi ń bá ìyá wọn sọ̀rọ̀ nílé. Mo ti ṣí ìwé àkọsílẹ̀ àwọn méjèèjì wò. Iṣẹ́ inú rẹ̀ mọ́, ó gún: ìlà tó ní ọfà lórí, lẹ́ńsì tí wọ́n yà tẹ́ẹ́rẹ́, àwòrán àbẹ́là tó dorí kodò. Kò sí èyí tó ti fọwọ́ ara rẹ̀ di lẹ́ńsì mú rí nínú wọn. Ó ń dùn mí, nítorí gbogbo ohun tí wọ́n yà síbẹ̀ ló ń ṣẹlẹ̀ ní ojú títì tí wọ́n ń gbà kọjá lójoojúmọ́. Ọmọ tó bá ti fi ojú ara rẹ̀ rí ìtànṣán tó yà, òfin rẹ̀ kì í ṣòro fún un láti rántí.

A bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ tapólì obìnrin kan tó ń ta bàtà. Tapólì náà ti gbó, ó ti lu wẹ́wẹ́. Lórí ilẹ̀ sìmẹ́ǹtì, láàárín bàtà àti sálúbàtà, ìmọ́lẹ̀ kéékèèké tò lọ, gbogbo wọn róbótó. Mo ní kí àwọn ọmọ gbójú sókè wo ihò tí wọ́n gbà wọlé. Ọ̀kan ní igun mẹ́ta. Òmíràn ya wọ́gọwọ̀gọ. Òmíràn jẹ́ ibi tí ìṣó ti gún un. Kí ló dé tí gbogbo ìmọ́lẹ̀ tó sọ̀kalẹ̀ fi rí róbótó?

Èyí obìnrin dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Bọ̀dá, àwòrán oòrùn ni."

Àwòrán oòrùn ni lóòótọ́. Ìmọ́lẹ̀ ń rìn lọ́nà tó gún, nítorí náà ihò tó bá kéré tó á jẹ́ kí ìtànṣán láti apá kọ̀ọ̀kan oòrùn gba ibẹ̀ kọjá lọ sí àyè tirẹ̀ lórí ilẹ̀. A yọ rúlà. Láti tapólì dé ilẹ̀ lé díẹ̀ ní mítà méjì. Ìbú ìmọ́lẹ̀ kan jẹ́ nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà méjì. Oòrùn fúnra rẹ̀ fẹ̀ tó nǹkan bí mílíọ̀nù kan àti ogún ọ̀kẹ́ kìlómítà, ó sì jìnnà sí wa tó mílíọ̀nù 150 kìlómítà. Pín ìjìnnà náà sí ọ̀nà 107, ìpín kan ni ìbú oòrùn. Pín gíga tapólì sí ọ̀nà 107, ìpín kan ni ìbú ìmọ́lẹ̀ tó wà lẹ́bàá ẹsẹ̀ wa. Èyí obìnrin ṣe ìṣirò rẹ̀ lórí fóònù, ó tún un ṣe, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í wo ilẹ̀ ọjà náà pẹ̀lú ojú mìíràn. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹta ọdún 2006, kí wọ́n tó bí èyíkéyìí nínú wọn, òṣùpá bo oòrùn. Ní Accra àti Lomé, ọ̀sán di òru fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Ní Abidjan kò bò ó tán, ṣùgbọ́n ẹni tó bá wo ilẹ̀ lábẹ́ irú tapólì yìí lọ́jọ́ náà yóò rí i pé gbogbo róbótó náà ti di bí òṣùpá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé. Ọ̀nà tó dára jù láti wo irú nǹkan bẹ́ẹ̀ nìyẹn, nítorí ẹni tó bá tẹjú mọ́ oòrùn fúnra rẹ̀ lè ba ojú rẹ̀ jẹ́ títí ayé.

Ọkùnrin kan wà tó lo irú ihò báyìí, tó sì yanjú ìjà tó ti pẹ́. Ibn al-Haytham ni, tí wọ́n bí ní Basra ní nǹkan bí ọdún 965, tó sì ṣe iṣẹ́ rẹ̀ ní Cairo. Ṣáájú rẹ̀, Euclid àti Ptolemy, àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n Gíríìkì ńlá, gbà pé ojú ló ń rán ìtànṣán jáde lọ fọwọ́ kan ohun tí a ń wò. Ìwé tí Ibn al-Haytham kọ láàárín ọdún 1011 sí 1021 dá a padà: ìmọ́lẹ̀ ló ń kúrò lára nǹkan wá bá ojú. Ó tọ́ka sí i pé ẹni tó bá wo ìmọ́lẹ̀ tó lágbára, ojú á ro ó. Ohun tó bá ń dun ojú, ìta ló ti wọlé. Ní ọdún 1604 ni Kepler ṣàlàyé ibi tí ìmọ́lẹ̀ náà ń lọ: ó gba ọmọ ojú wọlé, ó sì ya àwòrán tó dorí kodò sí ara awọ tó wà lẹ́yìn ẹyinjú. Gbogbo èrò Siporex, gbogbo gbákà, gbogbo pátákó, orí kodò ni wọ́n wà nínú ojú wa. Ọpọlọ ló ń tò ó.

A kúrò lábẹ́ tapólì lọ sí etí títì. Dígí ẹ̀gbẹ́ gbákà wú síta díẹ̀, ìdí nìyẹn tí awakọ̀ fi lè rí ọkọ̀ mẹ́ta, alùpùpù kan àti ọmọ ọkọ̀ tirẹ̀ nínú dígí tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ méjì lọ. Ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú irú dígí bẹ́ẹ̀ máa ń kéré ju bó ṣe yẹ lọ, èyí tó kéré a sì dà bí èyí tó jìnnà. Awakọ̀ tó bá gbàgbé èyí lè yà sí iwájú ọkọ̀ tó ti dé ẹ̀yìn rẹ̀ tán. Ọkọ̀ tó ń gbé aláìsàn lọ sí CHU, ilé ìwòsàn yunifásítì, kọjá. Iwájú rẹ̀ ni wọ́n kọ AMBULANCE sí lódìkejì, kí awakọ̀ tó wà níwájú rẹ̀ lè kà á ní tààrà nínú dígí. Èyí ọkùnrin rẹ́rìn-ín, ó ní òun ti rò pé ẹni tó kọ ọ́ ló ṣì í kọ.

Ohùn ló kàn. Mo ní kí wọ́n dúró sí ẹ̀yìn bọ́ọ̀sì SOTRA kan tó dúró, kí wọ́n sì gbọ́ ọmọ ọkọ̀ tó wà ní òdìkejì rẹ̀. Wọ́n gbọ́ ọ. Wọn kò rí i. Bọ́ọ̀sì kan náà ló wà láàárín, ṣùgbọ́n ìgbì ohùn ènìyàn gùn tó mítà kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì máa ń yí igun nǹkan ká wá sí etí. Gígùn ìgbì ìmọ́lẹ̀ kò tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mílímítà. Lójú bọ́ọ̀sì, títẹ̀ tí irú ìgbì bẹ́ẹ̀ lè tẹ̀ kò tó nǹkan kan, ìdí nìyẹn tí bọ́ọ̀sì fi ní òjìji tó ní etí.

A rìn dé ibi tí títì ti là, tí gbákà ti lè sáré. Níbẹ̀ ni a ti dúró tẹ́tí sí họ́ọ̀nù. Gbákà kan ń bọ̀, awakọ̀ tẹ họ́ọ̀nù mọ́lẹ̀ kò gbé ọwọ́ kúrò, ohùn náà wá lókè. Bó ṣe kọjá iwájú wa, ohùn já wálẹ̀. Etí tó mọ ohùn gángan kò lè má gbọ́ ọ. Awakọ̀ kò yí ohunkóhun padà, ohùn kan náà ni òun tó wà nínú ọkọ̀ ń gbọ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ọkọ̀ ń lé ìgbì tó ti rán síwájú, ìgbì náà sì ń fún mọ́ra. Lẹ́yìn ọkọ̀, ìgbì ń jìnnà síra. Ní ọ̀sán Abidjan, ohùn ń rìn nǹkan bí 350 mítà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí họ́ọ̀nù bá ń gbọ̀n nígbà 400 ní ìṣẹ́jú àáyá, tí ọkọ̀ sì ń sá 50 kìlómítà ní wákàtí, etí wa yóò gba nǹkan bí 417 bó ṣe ń bọ̀, á sì gba 385 bó bá ti kọjá. Ìwé troisième kò dé ibẹ̀, ṣùgbọ́n etí ọmọ troisième dé ibẹ̀. Christian Doppler ló kọ òfin rẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1842. Ní 1845, Buys Ballot kó àwọn afunfèrè sínú ọkọ̀ ojú irin ní Netherlands, ó to àwọn olórin mìíràn sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà láti máa gbọ́ bí ohùn ṣe ń yí padà. Ohun tí wọ́n wá ọkọ̀ ojú irin fún nígbà náà, ọmọ Yopougon ń gbà á lọ́fẹ̀ẹ́ láti àárọ̀ di alẹ́.

Òjò dé. Òjò oṣù kẹrin kì í pẹ́ ṣe ìpinnu: ojú ọ̀run ṣú, afẹ́fẹ́ fẹ́, omi dà. A sá sábẹ́ òrùlé ìyá kan láti Èjìgbò tó ń ta aṣọ, ẹni tí ìyá àwọn ọmọ náà mọ̀. "Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, mà," ni mo kí i. Ó ní ká jókòó, ó ní òjò yìí kò ní pẹ́. Kò pẹ́ lóòótọ́.

Nígbà tó dá, adágún kékeré ti wà ní ibi tí títì ti gbẹ́. Ewé kan léfòó lórí rẹ̀. Èyí ọkùnrin ju òkúta kékeré kan sí ẹ̀gbẹ́ kan, ìgbì tàn ká dé ẹ̀gbẹ́ kejì. Ewé náà lọ sókè, ó lọ sódò, ó sì wà níbi tó wà. Mo ní kó tún un ṣe, kó má wo ìgbì rárá, kó wo ewé nìkan. Omi kò bá ìgbì lọ. Ohun tó gba orí omi kọjá ni agbára tí òkúta gbé wá. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó lè kọ ìtumọ̀ ìgbì láìsí àṣìṣe lórí ìwé ni yóò sọ fún ọ pé ewé náà á bá ìgbì dé èbúté.

Ibi tó ń mú mi dúró jù ní gbogbo Siporex lẹ́yìn òjò ni ibi tí ọkọ̀ máa ń dúró, nítorí epo ẹ́ńjìnnì tó ń kán sílẹ̀. Ẹ̀kán epo kan tàn sórí ọ̀dà tútù, àwọ̀ òṣùmàrè yí i ká: àlùkò, búlúù, ewé, ìyeyè, pupa, tún bẹ̀rẹ̀ láti àlùkò. Epo náà dúdú nínú agolo. Omi kò ní àwọ̀. Níbo ni gbogbo èyí ti wá? A bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò ó dáadáa. Bí èyí obìnrin ṣe ń gbé orí sókè sódò, àwọ̀ ojú kan náà ń yí láti búlúù sí ewé. Ohun tó bá ní àwọ̀ tirẹ̀ kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Epo náà ti fẹ́lẹ́ débi pé nínípọn rẹ̀ kò ju ọgọ́rùn-ún mélòó kan nánómítà lọ, nánómítà kan sì ni ìdá kan nínú bílíọ̀nù mítà. Ìmọ́lẹ̀ tí ojú wa ń rí, gígùn ìgbì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bí 400 nánómítà, níbi tí àlùkò wà, títí dé 700, níbi tí pupa wà. Nínípọn epo àti gígùn ìgbì wá fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Apá kan ìmọ́lẹ̀ ta padà láti ojú òkè epo. Apá kejì wọlé, ó kan omi lábẹ́, ó tó ta padà. Àwọn méjèèjì pàdé lójú wa. Níbi tí òkè ìgbì ti bá òkè ìgbì pàdé, àwọ̀ náà mọ́lẹ̀ sí i. Níbi tí òkè ti bá ọ̀gbun pàdé, wọ́n pa ara wọn. Ibi tí pupa bá ti kú, ohun tó kù á dà bí búlúù àti ewé. Ìmọ́lẹ̀ pẹ̀lú ìmọ́lẹ̀ ló di òkùnkùn níbẹ̀, kò sì sí ohun tó fi hàn jù bẹ́ẹ̀ lọ pé ìgbì ni ìmọ́lẹ̀.

Newton wọn irú àwọ̀ báyìí láàárín dígí méjì, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde nínú ìwé rẹ̀ ní ọdún 1704, ṣùgbọ́n kò gbà pé ìgbì ni. Thomas Young, dókítà ará Gẹ̀ẹ́sì, ló mú iye tí Newton fúnra rẹ̀ wọ̀n ní 1801, tó fi ṣírò gígùn ìgbì àwọ̀ kọ̀ọ̀kan. Mo fẹ́ràn Young, mi ò fi pamọ́. Òun kan náà ló fi hàn pé lẹ́ńsì inú ojú ló ń yí ìrísí rẹ̀ padà nígbà tí a bá ń wo ohun tó sún mọ́ wa. Lójú rẹ̀, ìgbì àti ojú kì í ṣe orí méjì nínú ìwé.

Òun náà ló dá a lábàá pé oríṣi ohun mẹ́ta péré ló wà nínú ojú tó ń gba àwọ̀. Èyí sì ni ohun tí ẹ̀kán òjò kan fi hàn wá. Ó kán sórí fóònù èyí obìnrin, níbi tí ojú fóònù ti funfun. Mo ní kó má nù ún. Omi máa ń tẹ ìmọ́lẹ̀, ẹ̀kán tó wú sókè sì jẹ́ lẹ́ńsì tó ń sọ ohun kékeré di ńlá. Lábẹ́ rẹ̀, funfun náà ti túká di pupa, ewé àti búlúù, tó tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Kò sí funfun rárá. Mo wá ní kó ya fọ́tò agboòrùn ìyeyè MTN tó wà ní ìwájú wa, kó sì fi ẹ̀kán omi mìíràn wo ìyeyè náà lórí fóònù. Pupa àti ewé nìkan ló rí. Agboòrùn tó wà lójú títì ń rán ìyeyè gidi sí wa, pẹ̀lú pupa àti ewé tó yí i ká. Èyí tó wà lórí fóònù kò ní ìtànṣán ìyeyè kankan nínú. Ojú wa kò lè mọ ìyàtọ̀, nítorí ohun tó ń gba àwọ̀ nínú rẹ̀ gba iye kan náà láti ọ̀dọ̀ méjèèjì. Mo rò pé ìṣẹ́jú márùn-ún pẹ̀lú ẹ̀kán omi yìí tó ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ kan.

Fóònù náà ń gba ìgbì mìíràn bí a ṣe dúró yẹn, láti orí òpó gíga tó wà lẹ́yìn ilé. Ìgbì 900 mẹgahẹ́tísì, ọ̀kan lára èyí tí fóònù ń lò, gùn tó nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 33. Kò yàtọ̀ sí ìmọ́lẹ̀ agboòrùn MTN ju gígùn ìgbì lọ. Iyara kan náà ni wọ́n jọ ń sá, 299,792 kìlómítà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan bí kò bá sí ohun tó dí wọn lọ́nà.

Ìyá aláṣọ pè wá padà. Ọkùnrin kan tó ń kiri awò ti dúró níwájú rẹ̀ pẹ̀lú pátákó tó kún fún awò, ìyá sì ń gbìyànjú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń na aṣọ kan síwájú láti wo òwú rẹ̀. "Ọwọ́ mi kò gùn tó mọ́," ni ó sọ. Lẹ́yìn ogójì ọdún, lẹ́ńsì inú ojú ti le, kò lè wú tó bó ṣe ń wú tẹ́lẹ̀ mọ́, ohun tó sún mọ́ ojú kò wá já geere mọ́. Awò alámì àròpọ̀, +1, +2, +3, ló ń ṣe ohun tí lẹ́ńsì náà kò lè ṣe mọ́. Ìyá mú +2, ó sì rí òwú rẹ̀.

Mo bẹ alàwò náà pé kó yá wa ní irú rẹ̀ kan. Ó jẹ́ kí a lò ó. A dúró sínú òjìji òrùlé, èyí obìnrin gbé ojú awò kan kọ ojú sí pátákó ilé oògùn tó wà ní òdìkejì títì, bí 40 mítà sí wa, tí oòrùn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ padà wá ń tàn sí. Mo di abala ìwé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan mú lẹ́yìn awò, mo ń fà á sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀. Lójijì, títì náà dé orí ìwé: gbákà kékeré ń rìn ní orí kodò, àgbélébùú aláwọ̀ ewé ilé oògùn, àti lẹ́tà funfun tí kò ju ti ìwé ìròyìn lọ. A wọn ìjìnnà láti awò dé ìwé. Ìdajì mítà. Ọ̀kan tí a fi ìdajì pín, méjì ni: +2 tí wọ́n lẹ̀ mọ́ awò náà nìyẹn. Ó ti kọ ìlànà yìí sínú ìwé rẹ̀ ní troisième. "Ṣé bó ṣe rọrùn tó nìyí?" ló bi mí, inú rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ máa bí i sí àwọn ọdún tó ti há a sórí.

Èyí ọkùnrin bọ́ sẹ́yìn ìwé náà, ó dorí rẹ̀ kodò, ó ka orúkọ ilé oògùn náà láti ẹ̀yìn abala fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yẹn láìṣi ọ̀kan. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní kó ka ìlà tó wà lábẹ́ rẹ̀ lára pátákó gan-an. Ó yíjú sí pátákó. Ó fún ojú pọ̀. Kò rí i kà.

Mo ti rí i tó ń fún ojú pọ̀ láti àárọ̀, mo rò pé oòrùn ni. Mo bi í ibi tó ń jókòó sí ní kíláàsì. Ẹ̀yìn ni. Mo bi í bó ṣe ń kọ ohun tó wà lójú pátákó. Ó ní ọ̀rẹ́ òun ń kọ ọ́, òun ń wo ti ọ̀rẹ́ òun kọ.

Ìyá aláṣọ fa abẹ́rẹ́ kan yọ láti ara aṣọ tó wà níwájú rẹ̀. Mo fi lu ihò kan sí ẹ̀yìn ìwé àkọsílẹ̀, mo ní kí ọmọ náà di ojú kan, kó fi èkejì wo pátákó gba inú ihò yẹn. Ó ka orúkọ ilé oògùn. Ó ka ìlà tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ó gbé ìwé kúrò, kò rí i mọ́. Ó dá a padà, ó rí i. Ó ṣe é títí.

Ohun kan náà ló ṣẹlẹ̀ bí ti tapólì. Gígùn ẹyinjú jẹ́ nǹkan bí mílímítà 24. Bí ó bá fi mílímítà kan gùn jù, lẹ́ńsì rẹ̀ á ti kó ìtànṣán jọ kó tó dé awọ tó yẹ kó gbà á, ìtànṣán á sì tún ti fọ́n kálẹ̀ bó bá dé ibẹ̀. Ohun tó jìnnà á di kúrukùru, èyí tó sún mọ́ á mọ́ kedere. Ihò tóóró kò jẹ́ kí ìtànṣán tó ń fọ́n kálẹ̀ wọlé pọ̀. Ìdí kan náà ló mú kí ọmọ máa fún ojú pọ̀: ó ń fi ìpéǹpéjú ṣe ihò tóóró. Bí ihò bá jẹ́ kí ó ríran sí i, a jẹ́ pé awò lè ràn án lọ́wọ́. Bí kò bá yí nǹkan padà, wàhálà náà lè wà níbòmíràn, ó sì yẹ kí dókítà tètè wò ó.

Alàwò náà ti mú +2 bọ ojú rẹ̀ pẹ̀lú inú rere. Gbogbo Siporex di kúrukùru fún un pátápátá. Ojú irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ti ń kó ìtànṣán jọ jù tẹ́lẹ̀, awò alámì àròpọ̀ sì tún ń ràn án lọ́wọ́ láti ṣe bẹ́ẹ̀. Awò alámì àyọkúrò ló yẹ ẹ́, èyí tó ń tú ìtànṣán ká díẹ̀ kó tó wọlé, kò sì sí ọ̀kan nínú gbogbo pátákó ọkùnrin náà. Èyí ni mo fẹ́ kí gbogbo òbí tó ń ra awò lójú títì fún ọmọ mọ̀.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ń ṣírò. Ó di ìwé mú níwájú àbúrò rẹ̀, ó ń sún un sẹ́yìn títí lẹ́tà fi bẹ̀rẹ̀ sí í di kúrukùru, ó fi rúlà wọ̀n ọ́n: nǹkan bí 60 sẹ̀ǹtímítà. "Ọ̀kan tí a fi 0.6 pín, 1.67," ni ó sọ, "pẹ̀lú àmì àyọkúrò." Ó kọ ọ́ sí ẹ̀yìn ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò abẹ́rẹ́.

Mo pe ìyá wọn lórí fóònù láti ibẹ̀. Ó kọ́kọ́ dákẹ́, ó wá ní àwọn olùkọ́ ti ń sọ fún òun láti ọdún tó kọjá pé ọmọ náà kì í fọkàn sí ẹ̀kọ́. Ó ní lọ́jọ́ Ajé òun á mú un lọ rí dókítà ojú, ó sì bi mí bóyá kí òun sọ iye tí ọmọbìnrin rẹ̀ ṣírò fún dókítà. Mo ní kó mú ìwé náà dání, ṣùgbọ́n kí dókítà wọn ojú méjèèjì fúnra rẹ̀, nítorí ojú ọ̀tún àti ojú òsì lè má gba iye kan náà, a kò sì wọn èyíkéyìí lọ́tọ̀. Ìyá aláṣọ ti gba abẹ́rẹ́ rẹ̀ padà, ó ń wo pátákó ilé oògùn gba inú ihò ìwé náà, ó ń bi ọmọkùnrin náà pé kí ló dé tí òun náà fi ń rí i dáadáa.